Kóòṣì tó ń tún ikọ̀ básíkẹ́tì tó ti dàrú tò: sáà mélòó ló yẹ ká fi ní sùúrù fún un?

Akin_Èkìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Yunifásítì kan ní Division I, ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, lọ̀rọ̀ kàn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá básíkẹ́tì tẹ́lẹ̀ kúrò lẹ́yìn tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, rí i pé wọ́n ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ kíláàsì wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ikọ̀ náà tú ká. Wọ́n gba kóòṣì tuntun, àdéhùn ọdún 5. Sáà àkọ́kọ́, 5-26, ìyẹn ni pé wọ́n borí nínú 5, wọ́n fìdí rẹmi nínú 26. Sáà kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, 9-22.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde fẹ́ dìbò báyìí lórí lẹ́tà sí ààrẹ ilé ìwé pé kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn tó ń dáwó ti ń fapá jánú. Kí ló yẹ kéèyàn wò yàtọ̀ sí iye eré tí wọ́n borí? Ibo ló yẹ kí sùúrù wa dé dúró?

Bàbá_Waco
Akin, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó kù nílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé. Yunifásítì Baylor ní Texas ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 2003, Carlton Dotson yìnbọn pa Patrick Dennehy tí wọ́n ti jọ wà nínú ikọ̀ kan náà. Ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé akọ́nimọ̀ọ́gbá Dave Bliss ti ń san owó ilé ìwé fáwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́nà ẹ̀bùrú, ó sì tún fẹ́ kí wọ́n parọ́ mọ́ olóògbé náà pé oògùn olóró ló ń tà. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n mú Scott Drew wá láti Valparaiso, ọmọ ọdún 32 péré.

Ẹ wo bó ṣe lọ: 2003-04, 8-21. 2004-05, 9-19. 2005-06, 4-13, nítorí NCAA ò jẹ́ kí wọ́n gbá eré kankan tó wà lóde líìgì wọn lọ́dún yẹn, oṣù Kìíní ni sáà tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. 2006-07, 15-16. 2007-08, 21-11, wọ́n sì wọ ìdíje NCAA, èyí tí wọn ò fojú kàn láti 1988.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Kóòṣì tó bá gba iṣẹ́ lóṣù Kẹjọ, gbogbo ọmọ tó dáa ti ríbi lọ. Ohun tí àwọn ẹlòmíì ṣẹ́ kù ló máa ṣà lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn tí Drew kó wọlé lọ́dún 2005, bíi Curtis Jerrells, Kevin Rogers àti Henry Dugat, àwọn ni wọ́n wà ní ọdún kẹta wọn nígbà tí nǹkan ṣẹnuure ní 2008. Tẹ́ ẹ bá lé kóòṣì lẹ́yìn sáà kejì, àwọn ọmọ tó kó wá fúnra rẹ̀ ò tíì dàgbà tán nìyẹn. Sáà kẹrin ni tèmi.

Ọdún 2021 ni wọ́n gba ife ẹ̀yẹ, 86-70, wọ́n na Gonzaga. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ dúró fún ọdún 18 o.

Déjọ_Ville
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ayé yẹn ti lọ. Nígbà yẹn, agbábọ́ọ̀lù tó bá ti ilé ìwé kan lọ sí òmíràn máa jókòó fún odindi ọdún kan kó tó gbá bọ́ọ̀lù. Láti 2021, wọ́n lè lọ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Láti oṣù Kẹrin 2024, iye ìgbà tó bá wù wọ́n ni, tí máàkì wọn bá ṣáà ti pé. Ilé ẹ̀kọ́ kan lè pààrọ̀ gbogbo ikọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù méjì.

Ẹ wo Louisville. Kóòṣì wọn, Kenny Payne: 4-28, lẹ́yìn náà 8-24. Wọ́n yọ ọ́ lóṣù Kẹta 2024. Pat Kelsey dé láti Charleston, ó kó àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù jọ látinú portal, ìyẹn ibi tí agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé ń forúkọ sí lórí ayélujára, sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ 27-8. Michigan náà ńkọ́? 8-24 ní 2023-24. Dusty May dé, ó mú Vladislav Goldin tẹ̀lé ara rẹ̀ láti Florida Atlantic, ó mú Danny Wolf láti Yale, wọ́n parí sí 27-10, wọ́n sì gba ife ìdíje Big Ten, líìgì tí wọ́n wà.

Kóòṣì tó bá ṣì wà ní 9-22 lẹ́yìn sáà méjì lásìkò portal yìí, ó ní ìbéèrè láti dáhùn. Sáà kẹrin kẹ̀? Ká má rí i.

Àǹtí_Bloomington
Déjọ, o fo ohun kan: owó. Látìgbà tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ House lóṣù Kẹfà 2025, ilé ìwé lè sanwó fáwọn eléré fúnra wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún gbogbo wọn lápapọ̀ ní sáà 2025-26. Louisville àti Michigan lágbára ẹ̀. Ṣé ilé ìwé Akin lágbára ẹ̀? Tí kò bá sí owó, ọ̀nà tó ń gbé agbábọ́ọ̀lù wọlé ni yóò gbé e jáde: ọmọ tí kóòṣì bá kọ́ dáadáa lónìí, ilé ìwé olówó á gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Akin, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá eré ìdárayá: èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún básíkẹ́tì, èló sì ni àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní líìgì kan náà ń ná?

Ẹ jẹ́ n mú Indiana wá, torí ó jọ tiyín jù. Kelvin Sampson kúrò lóṣù Kejì 2008 nítorí ìpè fóònù sáwọn ọmọ tó ń wá, èyí tí òfin ò gbà. Tom Crean dé láti Marquette, ó sì bá ilé òfìfo. 6-25. 10-21. 12-20. Sáà mẹ́ta gbáko! Sáà kẹrin, 27-9. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2011, Christian Watford ju bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta wọlé bí aago ṣe ń dún, wọ́n na Kentucky tó wà ní ipò kìíní, 73-72.

Àmọ́ inú sáà tí wọ́n ti gba 12-20 yẹn gan-an ni Victor Oladipo ti wọlé, láti DeMatha ní Maryland. Ọmọ tiwa ni, bàbá rẹ̀ wá láti Sierra Leone, ìyá rẹ̀ láti Nàìjíríà. Àwọn tó ń to ọmọ ilé ìwé girama sípò ò kà á sí àrà ọ̀tọ̀. Ẹ wo bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta rẹ̀: ọdún kejì, 20.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọlé. Ọdún kẹta, 44.1. Orlando Magic mú un ní ipò kejì nínú draft 2013, níbi tí àwọn ikọ̀ NBA ti ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ẹni tó ń wo tábìlì líìgì nìkan lọ́dún 2011 ò lè rí i pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ mú àwọn agbábọ́ọ̀lù márùn-ún tó ti lo sáà méjèèjì pẹ̀lú kóòṣì yìí, tí wọ́n bá tó márùn-ún. Ẹ kọ ìpín bọ́ọ̀lù tó ń wọlé fún wọn, iye ìgbà tí wọ́n ń pàdánù bọ́ọ̀lù, àti ìṣẹ́jú tí wọ́n ń lò, sáà kìíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Tí mẹ́rin nínú wọn bá ti sunwọ̀n sí i, kóòṣì yẹn mọṣẹ́. Tí kò bá sẹ́ni tó gòkè, portal ò ní gbà á là.

Kúnlé_ATL
Ẹ tún wo ẹni tí wọ́n bá gbá. Ilé ìwé tí kò lówó máa ń ta ara rẹ̀ lóṣù Kọkànlá àti Ìkejìlá: wọ́n á lọ gbá bọ́ọ̀lù nílé àwọn ńlá, wọ́n á gba nǹkan bíi 90,000 dọ́là lórí eré kan, wọ́n á jẹ ìyà wálé. Márùn-ún tàbí mẹ́fà irú ẹ̀ ti wà nínú 22 yẹn kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì kọ́ ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì owó ni.

Akin_Èkìtì
Òótọ́ ni o, mẹ́fà ni. Ẹ ṣé. Ẹnìkan sọ fún wa nínú ìpàdé pé ká wo "ìwọ̀n ìmúṣẹ́ṣe" dípò borí-fìdí-rẹmi. Báwo la ṣe ń ṣírò ẹ̀?

Ṣẹ́gun_Ìṣirò
Kò le. Ìwé àkọsílẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan ló máa fún yín ní gbogbo ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ wọn: bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, ẹ yọ ríbáùǹdì (bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tí wọ́n tún gbà padà) tí wọ́n gbà lábẹ́ agbọ̀n alátakò, ẹ fi bọ́ọ̀lù tí wọ́n pàdánù kún un, ẹ tún fi 0.475 lọ́nà iye bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n jù kún un.

Àpẹẹrẹ: wọ́n ju 60, ríbáùǹdì 10, wọ́n pàdánù 14, ọ̀fẹ́ 20. 60 − 10 + 14 + 9.5 = 73.5. Tí wọ́n bá gba àmì 68, ẹ pín 68 sí 73.5, ẹ sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún: 92.5. Alátakò gba 80, tiwọn jẹ́ 108.8. Àlàfo jẹ́ òdì 16.3. Ẹ ṣe é fún gbogbo eré nínú sáà kìíní, lẹ́yìn náà sáà kejì. Ẹni tí kò bá ní àkókò lè lọ wo ojúlé Bart Torvik, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti ro agbára alátakò mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú u sí wẹ́wẹ́, torí àlàfo nìkan ò sọ ìdí. Ohun mẹ́rin ni:

Jíjù. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, 24 ló wọlé, 6 nínú ẹ̀ jẹ́ àmì mẹ́ta. (24 + ìdajì 6) pín sí 60 = 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò dáa. Tó bá dé 50, a ti ń rí nǹkan sọ.
Pípàdánù bọ́ọ̀lù. 14 pín sí 73.5 = 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibí yìí ni kóòṣì tó mọṣẹ́ máa ń tètè tún ṣe, torí kò nílò ọmọ gíga tàbí owó. Tí 22 sáà kìíní bá di 17 ní sáà kejì, iṣẹ́ ń lọ.
Ríbáùǹdì. Èyí máa ń pẹ́, ara ló ń fẹ́, ara sì ń fẹ́ ọdún méjì nínú yàrá gbígbé irin.
Iye ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń rí gbà sí iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí, ẹ má fi ṣe wàhálà.

Ohun tó máa ń tan èèyàn jẹ ni eré tí àlàfo rẹ̀ ò ju àmì 5 lọ. Irú ẹ̀ dà bí owó ẹyọ tá a sọ sókè. Tí ikọ̀ kan bá borí nínú 2 tó sì fìdí rẹmi nínú 8 irú ẹ̀, orí ò bá wọn ṣe é lọ́dún yẹn, ó sábà máa ń yí padà láìjẹ́ pé kóòṣì yí nǹkan kan padà. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà wà: ẹni tó borí 9 pẹ̀lú àlàfo kékeré lè jìyà ẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀.

Kẹ́ ẹ yọ eré tí wọ́n bá gbá pẹ̀lú ilé ìwé tí kò sí ní Division I kúrò o. Àwọn kóòṣì kan máa ń fi mẹ́ta irú ẹ̀ sọ 9 di 12.

Olùkọ́_Bùnmi
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ kíláàsì ló ba ikọ̀ yìí jẹ́. Ẹ béèrè APR wọn, ìyẹn ìwọ̀n tí NCAA fi ń wo bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń ṣe sí nínú ẹ̀kọ́ wọn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó ń gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àmì 2 ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan torí pé ó dúró, ọ̀kan torí pé máàkì rẹ̀ tó láti gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ 13, sáà ẹ̀kọ́ méjì, àmì 52 lọ́dún. Ká ní wọ́n pàdánù 5, ó ku 47. 47 pín sí 52, ẹ sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún: 904. Ìwọ̀n tí NCAA ń fẹ́ jẹ́ 930, ìpíndọ́gba ọdún mẹ́rin. Ẹni tí kò bá dé e ò ní wọ ìdíje ìparí sáà.

Ọdún mẹ́rin yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Àmì tí kóòṣì àtijọ́ fi sílẹ̀ ṣì wà lọ́rùn èyí tó wà níbẹ̀ báyìí. UConn (Yunifásítì Connecticut) ò lè wọ ìdíje 2013 nítorí àmì àwọn ọdún ìṣáájú, Kevin Ollie tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ikọ̀ náà ló jìyà ẹ̀. Ó gba ife lọ́dún 2014.

Ohun kejì: tẹ́ ẹ bá lé kóòṣì, àwọn ọmọ máa tún tú ká, APR máa tún wálẹ̀. Ọmọ tó bá kúrò pẹ̀lú máàkì 2.6 sókè lè má pa wọ́n lára, èyí tó bá kúrò lẹ́yìn tó ti fìdí rẹmi nínú kíláàsì máa pa wọ́n lára. Ilé ìwé tó ti wà lábẹ́ ìbáwí tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣeré.

Ọmọ_Durham
Ẹ wo kóòṣì Mike Krzyzewski ní Duke: sáà kejì 10-17, ìkẹta 11-17, Virginia sì na wọ́n 109-66 níparí ìkẹta. Àwọn olówó ní kó máa lọ. Tom Butters tó jẹ́ ọ̀gá eré ìdárayá ò gbọ́, ó fún un ní àdéhùn tuntun lọ́dún 1984. Ife márùn-ún ló tẹ̀lé e.

Déjọ_Ville
Ọmọ Durham, àpẹẹrẹ yín yìí ló máa ń kó bá àwọn èèyàn. Gbogbo kóòṣì tó ń fìdí rẹmi ló ń fi orúkọ Krzyzewski bo ara. Àwọn tí wọ́n ní sùúrù fún tí kò sì sí nǹkan kan tó jáde ńbẹ̀ pọ̀, a kì í kàn dárúkọ wọn ni. Payne tí mo dárúkọ lókè gba sáà kejì lẹ́yìn 4-28. Kí ló jáde? 8-24. Sùúrù tí kò ní òǹkà, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu.

Mo gbà pẹ̀lú Àǹtí lórí owó, mo sì gbà pẹ̀lú Ṣẹ́gun lórí àlàfo. Àmọ́ ẹ kọ òǹkà yẹn sílẹ̀ kí sáà kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó parí, gbogbo yín á rí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí.

Àárín méjì náà wà. Fred Hoiberg ní Nebraska: 7-25, 7-20, 10-22. Lóṣù Kejì 2022, dípò kí wọ́n lé e, wọ́n tún àdéhùn rẹ̀ kọ. Owó oṣù rẹ̀ dínkù, owó tí wọ́n máa san tí wọ́n bá yọ ọ́ náà dínkù, ó sì tún àwọn igbákejì rẹ̀ ṣà. Lẹ́yìn náà 16-16, lẹ́yìn náà 23-11, wọ́n wọ ìdíje NCAA 2024. Ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú á gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Tóyìn_Dallas
Ọ̀rọ̀ kan sí Bàbá_Waco: ẹ sọ Baylor bíi pé ọ̀nà tó mọ́ tónítóní ni wọ́n bá dé ibẹ̀. Lọ́dún 2012, NCAA tún fi Baylor sábẹ́ ìṣọ́ ọdún mẹ́ta nítorí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó ju iye tí òfin gbà lọ, Drew fúnra rẹ̀ ò sí nídìí eré líìgì méjì. Ilé ìwé Akin tó ti ní àbùkù kan lára kò lè ru ìkejì.

Bàbá_Waco
Tóyìn, o tọ́. Mo yí tèmi padà díẹ̀: sáà kẹrin, tí ọ́fíìsì tó ń bójú tó òfin NCAA nílé ìwé náà bá ń wo ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ẹni tó ń darí ọ́fíìsì yẹn ò sì sí lábẹ́ kóòṣì.

Kóòṣì Dan Hurley ní UConn náà ò yá kíákíá bẹ́ẹ̀: 16-17 lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n sì ju ú síta ní eré àkọ́kọ́ nínú ìdíje 2021 àti 2022. Ife 2023 àti 2024 ló gbà lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún karùn-ún nìyẹn, Déjọ, portal sì ti wà.

Déjọ_Ville
16-17 kì í ṣe 9-22, bàbá.

Akin_Èkìtì
Ẹ ṣeun gan-an. A ti ṣírò ẹ̀: àlàfo wà ní òdì 18 lọ́dún àkọ́kọ́, òdì 10 lọ́dún kejì. Pípàdánù bọ́ọ̀lù ti sọ̀ kalẹ̀ láti 22 sí 18. Jíjù ò yí padà rárá, ó ṣì wà ní 45. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ló lo sáà méjèèjì, mẹ́ta ti gòkè. APR wọn la ṣì ń wá. Ìdìbò kù ọ̀sẹ̀ méjì. Kí la lè fi rọ́pò lẹ́tà yẹn?

Ṣẹ́gun_Ìṣirò
Àlàfo tó fi 8 sún kúrò ńlẹ̀ láàárín ọdún kan kì í ṣe kékeré. Jíjù tó dúró sójú kan ló yẹ kẹ́ ẹ béèrè nípa ẹ̀: ṣé irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù ni kò dáa, tàbí àwọn tó ń jù ú? Ẹ wo ìpín tí wọ́n ń jù láti àárín, tí kò sún mọ́ agbọ̀n, tí kò sì jẹ́ àmì mẹ́ta. Tó bá ju ìdá mẹ́ta lọ, ètò kóòṣì ló ní àléébù. Tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù bá dáa, tí kò kàn wọlé, ọmọ méjì tó mọ̀ ọ́n jù látinú portal lè tún un ṣe.

Àǹtí_Bloomington
Ẹ kọ lẹ́tà ìbéèrè dípò lẹ́tà ìyọnilẹ́nu iṣẹ́. Ohun mẹ́ta péré ló nílò. Owó tí ilé ìwé máa yà sọ́tọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́tì lọ́dún tó ń bọ̀. Iye eré títà, kó dínkù láti 6 sí 3. Òǹkà tí ọ̀gá eré ìdárayá fúnra rẹ̀ máa fi ṣèdájọ́ ní ìparí sáà kẹta, ní kíkọ sílẹ̀: àlàfo òdì 4 tàbí èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, APR ọdún yẹn ju 930 lọ, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù jù nínú ikọ̀, ó kéré tán ìdajì dúró.

Tó bá jẹ́ ilé ìwé ìjọba ni, ẹ lè fi òfin tó jẹ́ kí aráàlú rí ìwé ìjọba gba ẹ̀dà àdéhùn kóòṣì. Ẹ wá ọjọ́ tí owó ìyọnilẹ́nu iṣẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àdéhùn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oṣù Kẹrin tàbí oṣù Keje ló sábà máa ń jẹ́. Lílé èèyàn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn lè ná ilé ìwé ní owó agbábọ́ọ̀lù méjì.

Ohun kan ṣoṣo tí mo máa bẹ̀ yín sí: ẹ má gbé e síta lóṣù Kọkànlá. Ìgbà yẹn làwọn ọmọ ilé ìwé girama ń fọwọ́ síwèé, àwọn kóòṣì ilé ìwé yòókù á sì fi lẹ́tà yín han àwọn òbí wọn.

Akin_Èkìtì
Ilé ìwé ìjọba ni. Mo ti fi ìwé ìbéèrè fún ẹ̀dà àdéhùn ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí.